Oṣù Tuntun àti Owó tí Kò Gbọdọ̀ Jáde

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ó dá lórí ohun tí a ń ṣe àti ohun tí a kì í ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí oríire lè máa bá wa gbé títí oṣù yóò fi parí. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀rín. Èmi kò fi ṣe ẹ̀rín, nítorí pé bí a bá tú u wò, a ó rí i pé ọ̀ràn owó ni, níbi tí ọ̀ràn owó bá sì wà, ẹnì kan a máa wà níbẹ̀ tí ń dúró de owó náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó dìde ní kùtùkùtù ọjọ́ kìíní oṣù èyíkéyìí, kí ó lọ sí Ìyànà Ìpájà, níbi tí ọ̀nà Ìpájà ti yà kúrò lára òpópónà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Kí ó gba ibẹ̀ wọlé, kí ó kọjá Mọ́ṣáláṣí, kí ó máa lọ títí dé Ìpájà gan-an, kí ó sì ré kọjá díẹ̀ sí ìhà Ayọ̀bọ̀. Nígbà kan rí, ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni ìhà ibẹ̀. Lónìí, ìsọ̀ fara kan ìsọ̀, ilé fara kan ilé, ọmọ Ìjẹ̀bú ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Èkìtì, ará Ìlà-Oòrùn ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará òkè Ọya.

Yóò rí ìyá oníṣòwò kan tí ń da omi tútù sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí ó tó ṣí i, pé kí oṣù náà tutù fún òun. Yóò rí ẹlòmíràn tí ó gbé omi àdúrà wá láti ilé ìjọsìn, tí ó ń wọ́n ọn sí igun ìsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mùsùlùmí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a ka àdúrà sí àtẹ́lẹwọ́, a sì fi pa ojú. Lẹ́yìn èyí, gbogbo wọn a máa wo ọ̀nà de ẹni tí yóò bá wọn ṣí ọjà, èyíinì ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ rà. Bí ẹni náà bá rà láìná an pẹ́ títí, ìyá ọlọ́jà a gba owó náà, a fi gbo orí ọjà kan, a tún fi gbo òmíràn, a sì wí pé, “Ọwọ́ yín á dára fún mi o.” Àwìn ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá tọrọ àwìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Lórí fóònù, láti ọ̀gànjọ́ òru ni ìkíni ti ń rọ́ wọlé bí òjò: ẹ kú oṣù tuntun, oṣù yìí yóò tù yín lára, ẹ kò ní rí àdánù nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a tún pàṣẹ pé kí a fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ènìyàn méje kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oríire náà yóò ré wa kọjá. Kí n tó fi ìkíni yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó dùn mọ́ mi nínú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kíkí ara ẹni kú oṣù kò sí nínú àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Kíkí ọdún tuntun ni wọ́n mọ̀. Àwa tí a ń kí ènìyàn kú ìjókòó, kú ìdúró, kú iṣẹ́, kú ìsinmi, kú òtútù, kú ooru, àwa ni a mú kíkí oṣù jáde láti inú àṣà tiwa, tí a sì fi èdè wọn wọ̀ ọ́ láṣọ.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, èmi kò rí ibi kankan. Omi tútù kò pa ẹnikẹ́ni lára, àdúrà kò ba ọjà jẹ́, ìkíni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a kí. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà tí ó ń bá wọn rìn, òun ni mo tìtorí rẹ̀ mú kálàmù. Wọ́n ní owó kò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ ẹni ní ọjọ́ kìíní oṣù, nítorí pé bí ó bá jáde ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jáde títí oṣù yóò fi kú. Nítorí náà, ẹni tí ó jẹ gbèsè kì í san án ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó gba alágbàṣe kì í sanwó ọ̀yà. Ẹni tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wá bá fún owó ìwé a ní kí ó padà wá ní ọjọ́ kejì.

Ní àìpẹ́ yìí, mo wà lọ́dọ̀ baba kan tí ń kọ́lé ní ìhà Ayọ̀bọ̀ nígbà tí bíríkìlà rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù ni. Ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀ ni ọkùnrin náà parí ògiri tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn lé lórí, a sì ti sọ fún un pé kí ó wá gbowó rẹ̀ ní òwúrọ̀. Baba náà kì í ṣe ènìyàn líle. Ó kí i dáadáa, ó fún un ní omi mu, ó sì wí fún un pé, “Ẹ máa bínú, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí òní jẹ́. Owó kì í jáde lónìí. Ẹ fi àbọ̀ sí ọ̀la tàbí ọ̀tunla.” Bíríkìlà náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé, “Ẹ̀yin baba, èmi náà ní ọjọ́ kìíní oṣù nílé tèmi.” Onílé rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọkùnrin náà ń dá àpárá ni. Kò dá àpárá. Ó dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà Ìpájà, nítorí pé kò sí owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ó tó gba owó náà, kò sì dín kọ́bọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bíríkìlà mìíràn ni ó kan ilé náà dé òrùlé.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wò. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé bí ọwọ́ ẹni bá ti rí ní ọjọ́ kìíní ni yóò rí títí di ìparí oṣù, a jẹ́ pé ẹni tí a dá owó rẹ̀ dúró ní ọjọ́ náà ni a ti fi òfìfo bá bẹ̀rẹ̀ oṣù. Oríire tí onílé ń wá, láti inú àpò ẹlòmíràn ni ó ti mú un. Bí kò bá sì jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé lásán ni ọkùnrin náà rìn láti Ayọ̀bọ̀ dé Ìpájà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sẹ́yìn díẹ̀, kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kìíní ti wá. Nínú èdè wa, orúkọ kan náà ni a fi ń pe oṣù tí ó wà lójú ọ̀run àti oṣù tí a ń kà. Àwọn baba wa kò ní kàlẹ́ńdà lára ògiri. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò. Bí oṣù bá lé ní ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́, tínrín bí èékánná, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i a kígbe pé, “Oṣù lé o!”, àwọn ọmọdé a gbà á, agbo ilé a jáde síta. Àgbà a gbójú sókè, a sì wúre pé kí oṣù tí ó lé yìí san wọ́n sí owó, kí ó san wọ́n sí ọmọ, kí ó san wọ́n sí àlàáfíà. Láti ìgbà tí oṣù kan bá lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò fi lé jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44. Ìdí nìyí tí oṣù àwọn Mùsùlùmí fi ń jẹ́ ọjọ́ 29 nígbà mìíràn, tí ó sì ń jẹ́ 30 nígbà mìíràn. Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrún ni wọ́n ń pe ọjà tí wọ́n ń ná bẹ́ẹ̀, nítorí pé Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méje bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan.

A. B. Ellis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kọ ìwé nípa Yorùbá ní 1894, sọ nínú ìwé náà pé àwọn ènìyàn ka ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́ tí kò dára láti dáwọ́ lé ohun ńlá. Nítorí náà, ìbẹ̀rù ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun titun láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí ó ti wí, ohun tí a ń fi ọjọ́ náà ṣe ni ìsinmi, àti gbígbá ojúbọ, àti pípọn omi lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo ìlú jọ sinmi yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ẹnì kan ṣiṣẹ́ tí ẹnì kejì di owó rẹ̀ mú.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje dé, a tún fún àwọn ọjọ́ náà ní orúkọ tí ń mú inú ènìyàn dùn tàbí tí ń já a láyà. Bí ọjọ́ kìíní oṣù bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ìyá oníṣòwò a jó wọ ìsọ̀. Bí ó bá bọ́ sí Ìṣẹ́gun, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí Ọjọ́rú, wọ́n á ní nǹkan yóò rú. Bí ó bá sì bọ́ sí Ẹtì, wọ́n á ní nǹkan yóò tì. Bẹ́ẹ̀ bí a bá yẹ kàlẹ́ńdà wò, kò sí ọdún kan tí oṣù kan, ó kéré tán, kì í bẹ̀rẹ̀ ní Ẹtì. Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù gan-an ni ìjọ Redeemed sì fi ń ṣe ìsìn òru ńlá wọn ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Nǹkan a máa tì ní ọjọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé àwa dúdú nìkan ni irú èyí ń bá jà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù ni “Ehoro!”, kí ènìyàn tó sọ ohunkóhun mìíràn, kí ó tó kí ẹni tí ó sùn tì í pàápàá. Ní 1909, bàbá kan kọ̀wé sí ìwé àtìgbàdégbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Notes and Queries, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì ń ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan pẹ̀lú, nítorí pé ní 1935 ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ kọ ọ́ pé Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, a máa pe ehoro ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù, kò sì jẹ́ gbà láti fò ó. Àwọn mìíràn láàárín wọn, bí wọ́n bá rí oṣù titun, a yí owó fàdákà tí ó wà nínú àpò wọn padà kí ó lè pọ̀ sí i. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n ń yí owó náà padà nínú àpò ni; n kò tíì gbọ́ pé ìtorí rẹ̀ ni wọn kò fi san owó òṣìṣẹ́.

Ti àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni ó jọ mí lójú jùlọ. Kalendae ni wọ́n ń pe ọjọ́ kìíní oṣù, láti inú ọ̀rọ̀ wọn tí ó túmọ̀ sí kíké jáde, nítorí pé ní ọjọ́ náà ni àwọn àlùfáà ń kéde oṣù fún ìlú. Ọjọ́ náà gan-an ni èlé owó ń pé. Ẹni tí ó jẹ gbèsè a máa gbọ̀n bí ó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí pé olówó ń bọ̀. Ìwé tí ayánilówó ń kọ orúkọ àwọn ajigbèsè sí ni a ń pè ní kalendarium, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ kàlẹ́ńdà ti wá. Ẹ̀yin ará, kàlẹ́ńdà tí a fi kọ́ sára ògiri ìsọ̀ wa, tí a ń wò láti mọ ọjọ́ tí owó kò gbọdọ̀ jáde, ìwé gbèsè ni orúkọ rẹ̀, ọjọ́ kìíní rẹ̀ sì ni ọjọ́ tí a fi ń sanwó! Àwọn ará Róòmù náà ní ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ọjọ́ kejì oṣù wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ dúdú, tí wọn kì í dáwọ́ lé nǹkan titun. Ọjọ́ tí ó bani lẹ́rù lọ́dọ̀ wọn ni ọjọ́ tí ó tuni lára lọ́dọ̀ wa.

Ẹ tún wo bí ọjọ́ kìíní fúnra rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Oṣù tí a fi ń gba owó iṣẹ́, tí a fi ń san owó ilé, kì í ṣe oṣù ojú ọ̀run mọ́. Júlíọ́sì Késárì ni ó tún kàlẹ́ńdà Róòmù ṣe, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 45 kí a tó bí Olúwa wa. Póòpù Gregory kẹtàlá tún un ṣe ní 1582. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á títí di 1752. Ní ọdún náà, àwọn ará ìlú lọ sùn ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Nígbà tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá ni. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti fi òfin gé ọjọ́ mọ́kànlá kúrò. Kàlẹ́ńdà yìí ni wọ́n gbé wá bá wa. Nítorí náà, bí oríire bá wà nínú ọjọ́ kìíní Ọ̀kítóbà gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti wà nínú omi òkun, kí ni oríire náà ṣe ní 1752, nígbà tí àwọn aṣòfin sún ọjọ́ náà síwájú? Ṣé ó tẹ̀ lé wọn ni, tàbí ó dúró sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀?

Bí a bá wá sí ti ẹ̀sìn, Òfin Mósè pàṣẹ ẹbọ fún ìbẹ̀rẹ̀ oṣù: nínú ìwé Nọ́ḿbà orí 28, akọ màlúù méjì, àgbò kan àti ọ̀dọ́ àgùntàn méje ni. Níbi àsè oṣù titun ni ìjókòó Dáfídì ti ṣófo lọ́dọ̀ Sọ́ọ̀lù ọba. Láàárín àwọn ìjọ tiwa, Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tò Nófò ní 1947, a máa ṣe ìsìn oṣù titun ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Nítorí náà, kí Kristẹni gbàdúrà sí oṣù titun kì í ṣe ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ lọ ka ìwé Ámósì orí kẹjọ, níbi tí wòlíì náà ti bá àwọn oníṣòwò wí, àwọn tí ara wọn kò lélẹ̀ kí oṣù titun tètè kọjá, kí wọ́n lè ṣí àká, kí wọ́n sì dín òṣùwọ̀n kù. Ní ti owó ọ̀yà, Léfítíkù orí 19 kò jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà ní ẹ̀kọ́ Ànábì pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ànábì kan náà ni ó kọ ohun tí àwọn Lárúbáwá àtijọ́ gbàgbọ́, pé oṣù Sáfárì jẹ́ oṣù burúkú. Mo wo ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí dáadáa lórí owó ọ̀yà, n kò rí ibi tí wọ́n ti yọ ọjọ́ kìíní oṣù sílẹ̀.

Kí wá ni ó fà á tí èèwọ̀ yìí fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, owó oṣù ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń gbé ní àdúgbò wa, tí wọ́n ń jí lọ síṣẹ́ ní Ìkẹjà àti ní Erékùṣù, ìparí oṣù ni wọ́n ń gbowó. Bí ó bá di ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, wọ́n á ra ìrẹsì, wọ́n á ra òróró, wọ́n á san díẹ̀ nínú gbèsè. Ìyá tí ó da omi tútù sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní a rí i pé ọjà yá, a sì ní omi náà ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó di owó mú ní ọjọ́ kìíní a rí i pé owó wọlé ní ọjọ́ kejì, a sì ní èèwọ̀ náà ni. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù parí, tí ọjà dá wáí, kò sí ẹni tí ń rántí omi. Wọ́n á ní ayé ni.

Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu jùlọ ni pé owó náà ń jáde ní ọjọ́ kìíní, àwa ni a kò kíyè sí i. Ẹ wo alájọ. Gbogbo ọlọ́jà ni ó mọ káàdì rẹ̀, tí a fa ìlà sí fún ọjọ́ oṣù. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́ alájọ, àṣà wa sì ni pé kí ó jẹ́ ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ìyá aláta bá ń dá ẹgbẹ̀rún náírà lójúmọ́, ẹgbẹ̀rún náírà àkọ́kọ́ kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láé. Ti alájọ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyá tí ó ti lé ajigbèsè àti ẹni tí ó jẹ ní gbèsè lọ láti òwúrọ̀ yóò tú ìdí aṣọ rẹ̀, yóò sì ka owó náà lé alájọ lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sì sí ohun tí ń ṣe oṣù rẹ̀. Alájọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ nílẹ̀ yìí ni Alphaeus Taiwo Olunaike, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1954, ó sì kú ní 2012 lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni ọdún 90. Wọ́n ń fi orí rẹ̀ pa òwe pé ó pé tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í kọ orúkọ ẹni tí ó dá owó sílẹ̀. Orí owó ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ alájọ dúró lé.

Ẹ wo ọlọ́ṣẹ pẹ̀lú. Bí oṣù bá ti ń wọlé ni àwọn tí ń ta ọṣẹ awúre àti àwọ̀rọ̀ ń kiri ọjà, àwọn mìíràn a sì máa ta aṣọ ìnujú tí a gbàdúrà sí. Owó tí kò gbọdọ̀ jáde fún bíríkìlà, ó jáde fún ọlọ́ṣẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, wọn kò sì pè é ní òfò.

Nǹkan kan ṣì kù tí kò yẹ kí n fò. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa, opó ni, kò ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Nígbà kan, ó ra iyọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù lọ́wọ́ ọlọ́jà kan, ọjà ọlọ́jà náà kò sì yá ní oṣù náà. Ohun tí wọ́n fi sọ ni pé ọwọ́ ìyá náà kò dára, pé òun ni ó ti ọjà pa. Ọ̀rọ̀ náà tàn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ní báyìí, bí oṣù bá wọlé, ọmọ kékeré ni ó ń rán lọ ra nǹkan, òun fúnra rẹ̀ kì í jáde títí oòrùn yóò fi mú. Oṣù tí wọ́n ń sọ yìí, oṣù tí òjò fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kejì rọ̀ ni, tí ọ̀nà Ìpájà di ẹrẹ̀ tí oníbàárà kò lè kọjá. Kò sí ẹni tí ó bá òjò wí.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin ọ̀gá, n kò ní kí ẹ má gbàdúrà sí oṣù, n kò sì ní kí ẹ má da omi. Bí ọkàn yín kò bá gbà láti fi owó sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ọ̀nà kan wà tí kò ṣòro: ẹ san án ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn oṣù, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí ìparí oṣù bá bọ́ sí Àbámẹ́ta tàbí Àìkú, ilé ìfowópamọ́ yóò ti ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà kí ẹni tí kì í fi fóònù ránṣẹ́ owó tètè lọ gba a jáde. Kí ẹ pe bíríkìlà, kí ẹ pe káfíńtà, kí ẹ pe ọmọbìnrin tí ń bá yín gbá ìsọ̀, kí ẹ ka owó olúkúlùkù lé e lọ́wọ́, kí àwọn náà lè ní nǹkan nílé bí wọ́n bá jí ní ọjọ́ kìíní. Ní ti àwìn, àdéhùn tiyín ni. Ṣùgbọ́n ìyá opó tí ó bá mú owó rẹ̀ lọ́wọ́ wá ra iyọ̀, ẹ tà á fún un.